Ta Ni Ẹlẹ́rìí Aláàárẹ̀? Ẹ̀tọ́ Àwọn Alárùn Ọpọlọ nínú Ìtọ́jú Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1906–2023

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 5, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òfin tí ó wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní ọdún 1916, tí a tún kọ sínú ìwé òfin ní ọdún 1958 láìtún ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi lélẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni ó ń sọ bí a ó ṣe mú ẹni tí a bá ní orí rẹ̀ kò pé, ibi tí a ó fi í sí, àti ẹni tí ó láṣẹ láti tú u sílẹ̀. Ohun tí aláàárẹ̀ fúnra rẹ̀ lè béèrè kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

Ìtàn tí a sábà máa ń sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn púpọ̀: òkùnkùn ló ṣíwájú, ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan àbà mọ́ wèrè lẹ́sẹ̀, òyìnbó kọ́ ilé ìtọ́jú, Lambo da ọgbọ́n ilé pọ̀ mọ́ ti òkè òkun, òfin tuntun sì dé. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó fo ìbéèrè kan dá. Nígbà tí a bá ti ènìyàn mọ́lé nítorí àìsàn ọpọlọ, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀? Ẹlẹ́rìí tí à ń wí níbí ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ ni, tí ó mọ aláàárẹ̀ ní orúkọ, tí ó sì lè sọ̀rọ̀ kí a gbọ́. Bí a bá fi ìbéèrè yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ọdún 1906, ìtàn náà kò ní lọ tààrà mọ́, àwọn tí a sì ti pè ní akọni àti ọ̀dájú nínú rẹ̀ yóò pààrọ̀ ipò nígbà mìíràn.

Ẹ̀tọ́, ẹbí àti ọjà

Ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀tọ́" ní ojú méjì nínú èdè Yorùbá. Ó jẹ́ ohun tí ó tọ́ sí ènìyàn láti gbà, ó sì tún jẹ́ ohun tí ó tọ́ kí ènìyàn ṣe. Ẹni tí ó bá ní "ẹ̀tọ́ mi ni" lè máa sọ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́; ó sì lè máa sọ iṣẹ́ tí ó já lé e léjìká. Nítorí èyí, bí ọpọlọ ènìyàn bá dàrú ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, ọ̀dọ̀ ẹbí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà ní ojú méjèèjì. Àwọn ni yóò wá oníṣègùn, àwọn ni yóò sanwó, àwọn náà ni ìtìjú yóò bá. Òwe tí ó ní wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí lọ́mọ, ojú òbí ni a fi sọ ọ́. Òǹwòran kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tí àwọn tí ń kọ̀wé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í sábà kà sí. Àwọn ènìyàn gbà pé bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ọjà jẹ́ ojúde gbogbo ènìyàn, àti ti àwọn tí a kò fojú rí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rìn níhòòhò níbẹ̀ kò jẹ́ ọmọ lágbájá mọ́. Ó ti di wèrè ọjà, ohun ìní gbogbo ojú. A lè fi èyí lóye ìdí tí ẹbí fi ń sáré de aláàárẹ̀ kí ó tó jáde. Lójú wọn, okùn náà ń dáàbò bo orúkọ àti ọ̀la ẹni tí a so. Èyí kò sọ ìyà di oore. Àbà tí a kàn mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn fún oṣù púpọ̀ yóò dá egbò sí i. Ẹni tí ó fi ìfẹ́ dè é àti ẹni tí ó fi ẹ̀rù dè é, egbò kan náà ni wọ́n dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹbí ń sá fún kò ní mọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá wọn sọ kí wọ́n tó tú okùn náà.

Ewé àti ẹ̀wọ̀n jọ wà pọ̀ ni. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn ń wa gbòǹgbò rẹ̀ láti fi mú ara wèrè balẹ̀, ní èròjà tí ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòótọ́. Láti ara igi mìíràn tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òyìnbó ti yọ oògùn reserpine ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ àlàyé tí ó jinlẹ̀ lórí ìṣègùn wèrè láàrin àwọn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1964. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń gbé àṣà ga a máa mú asofẹ́yẹjẹ jáde, wọn a sì fi àbà pamọ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ a máa ṣe òdìkejì rẹ̀. Ilé oníṣègùn kan náà ni méjèèjì ti wá.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà

Òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ wèrè ní Gúúsù Nàìjíríà jáde ní ọdún 1906. Ní ọdún 1907 ni ilé ìhámọ́ àwọn wèrè ní Yábàá gba àwọn èrò rẹ̀ àkọ́kọ́, nínú ilé tí ó ti jẹ́ ti iṣẹ́ rélùwéè rí. Irú rẹ̀ ti wà ní Kàlàbá ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí a da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ó di dandan kí òfin mìíràn jáde. Òun ni ti ọdún 1916.

Bí a bá ka ọ̀rọ̀ òfin yìí, bí ó ti kúrú tó ni yóò kọ́kọ́ yani lẹ́nu. Ẹni tí ó pè ní wèrè ni ẹni tí a bí pẹ̀lú àìpé ọgbọ́n àti ẹnikẹ́ni mìíràn tí orí rẹ̀ kò bá pé. Ó parí síbẹ̀. Kí dókítà kọ ìwé ẹ̀rí, kí májísíréètì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti tó láti fi ènìyàn sí àhámọ́. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó wà nínú ètò náà, dókítà àti májísíréètì, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà.

Jonathan Sadowsky, nínú ìwé rẹ̀ Imperial Bedlam tí ó jáde ní 1999, lo àwọn fáìlì ìjọba láti fi hàn irú àwọn tí wọ́n bá ara wọn ní Yábàá. Ẹni tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé bàbá rẹ̀, bí ó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ dàrú tó, kò kan ìjọba. Ẹni tí ó bá ń da òpópónà rú, tí ó ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, tàbí tí ó dúró sí iwájú ọ́fíìsì òyìnbó tí ó ń pariwo, òun ni òfin mọ̀. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ gba iṣẹ́ ẹbí ṣe, nítorí pé ó ná owó. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ìgboro dákẹ́. Sadowsky tún tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tí a tì mọ́lé ń sọ, èyí tí a kọ sílẹ̀ bí àmì àìsàn, a máa ní ìtumọ̀ nígbà mìíràn nípa ìjọba gan-an tí ó tì wọ́n mọ́lé. Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró sí díẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ní òyìnbó ń fi ọ̀nà kan jà òun lólè, ta ni yóò sọ fún májísíréètì òyìnbó pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò ṣófo tán? Ẹni tí ó lè sọ ọ́ ni ìbátan rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kí àìsàn tó dé, òfin kò sì fún ìbátan náà ní àga láti jókòó sí.

Bruce Home kọ ìròyìn lórí àwọn ilé ìhámọ́ yìí ní 1928. Robert Cunyngham Brown wá wò wọ́n ní 1936, ìròyìn tirẹ̀ sì jáde lẹ́yìn náà. Kò sí èyí tí ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Èrò ti pọ̀ ju ààyè lọ, ìtọ́jú kò sí, àwọn mìíràn sì wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láìdá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìròyìn wọ fáìlì, ogun àgbáyé kejì sì dé bá fáìlì náà níbi tí ó wà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi ojú fífẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin ọdún 1930 ti fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé ìwòsàn ọpọlọ fúnra rẹ̀ láìlọ sí iwájú adájọ́. Òfin ọdún 1959 pa òfin wèrè ti 1890 rẹ́ níbẹ̀, ó sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ẹni tí a tì mọ́lé lè pe ẹjọ́ sí. Ní 1958, ọdún kan ṣoṣo ṣáájú ìyẹn, Nàìjíríà tún òfin 1916 kọ sínú ìwé òfin rẹ̀. Òmìnira dé ní 1960, ó sì bá òfin náà níbẹ̀: aṣọ tí ẹni tí ó rán an ti bọ́ sọnù, tí àwa ṣì wọ̀.

Arò: ẹlẹ́rìí tí ń dáná

Ní ọdún 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta, di ibi tí a kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun sí. Láti inú ìyẹn ni èrò ilé ìwòsàn tuntun ní Arò ti jáde. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, dé ibẹ̀ ní 1954 nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò tíì parí. Kò dúró kí wọ́n kan òrùlé tán. Ó lọ bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tí wọ́n yí Arò ká pé kí wọ́n gba àwọn aláàárẹ̀ sílé bí ayálégbé.

Àdéhùn kan wà tí kò ṣeé yẹ̀: aláàárẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wá. Ìbátan kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó, gbọdọ̀ bá a gbé abúlé. Òun ni yóò dáná fún un, òun ni yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ fún oògùn àti ìtọ́jú mìíràn, òun náà ni yóò mú un padà ní ọ̀sán. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé wọn, omi tí ó dára àti ìtọ́jú àyíká sì dé ibi tí kò ti sí rí. Lambo mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà pẹ̀lú, fún ìmọ̀ wọn nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń lóye àìsàn. Nígbà tí àpéjọ àwọn dókítà ọpọlọ Áfíríkà àkọ́kọ́ wáyé ní Abẹ́òkúta ní 1961, àwọn àlejò láti òkè òkun wá fi ojú ara wọn rí i.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn ni Lambo fi gbe ètò yìí lẹ́yìn: aláàárẹ̀ tètè ń gbádùn, kò sì di àjèjì sí ilé rẹ̀. Kò pè é ní ètò ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, bí a bá fi ojú ẹ̀tọ́ wò ó, kò sí ohun tí òfin 1916 tàbí 1958 ṣe tí ó sún mọ́ ọn. Ìyá tí ń dáná ní abúlé ń rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá ọmọ náà létí ní òwúrọ̀, ìyá yóò rí ojú tí ó wú ní ọ̀sán. Bí oògùn bá mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìyá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bí dókítà bá ní kí ó tún lo oṣù mẹ́ta sí i, ìyá yóò béèrè ìdí, nítorí pé oko tàbí ọjà tirẹ̀ náà ń dúró nílé. Ojú àjèjì tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba wọ inú ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Òfin tí ń ṣàkóso ilé ìwòsàn náà kò yí padà. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ó yí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ padà.

Àléébù rẹ̀ wà nínú agbára rẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò ní ìbátan tí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kò lè dé abúlé. Tolani Asuni, tí òun náà jẹ́ olórí ní Arò, kọ̀wé ní 1971 lórí àwọn wèrè tí ń rìn kiri ní ìgboro Abẹ́òkúta, ní ìlú kan náà tí gbogbo ayé ń yìn fún ètò abúlé rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ti wọ ọjà. Fún wọn, òfin 1958 nìkan ni ó kù, ẹlẹ́rìí kò sì sí.

Bákan náà, ẹbí tí ó ń ṣọ́ aláàárẹ̀ ni ó mú un wá, ìfọwọ́sí ẹbí sì ni ilé ìwòsàn gbà. Bí ohun tí ẹbí fẹ́ bá yàtọ̀ sí ohun tí aláàárẹ̀ fẹ́, abúlé kò ní ibi tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìwé Matthew Heaton, Black Skin, White Coats, tí ó jáde ní 2013, fi ohun kan hàn tí ó bá èyí mu láti òkè òkun. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú òmìnira, bí ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà kan bá dàrú ní Ìlú Ọba, àwọn aláṣẹ a máa jíròrò bóyá kí wọ́n dá a padà sílé, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sì ń mú wá ni pé yóò sàn fún un láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "àwọn ènìyàn rẹ̀" náà ni a lè fi gbé ènìyàn sínú ọkọ̀ òkun láìbi í.

Ogún ọdún àbádòfin kan

Àbádòfin ìlera ọpọlọ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 2003. Kò lọ títí. A fà á sẹ́yìn ní 2009. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 2010, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn abirùn, tí ó kan àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn ń pẹ́ lára wọn pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè náà wá ń gbé nínú ilé méjì: ó ti ṣèlérí fún ayé pé a kò ní fi àìlera gba òmìnira ẹnikẹ́ni, òfin amúnisìn sì ṣì ni òfin tí májísíréètì lè ṣí.

Kò yẹ kí a di ẹ̀bi ìdádúró náà lé àwọn aṣòfin lórí tán. Ní 2005, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láàrin 2,040 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá. 96.5% nínú wọn gbà pé ẹlẹ́wu ni àwọn alárùn ọpọlọ nítorí ìwà ipá. 82.7% ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Aṣòfin tí ń wá ìbò kò ní rí ìbò púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà sì ni ẹbí tí ètò Arò gbára lé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Human Rights Watch tẹ ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣèbẹ̀wò sí ibi 28 tí a ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n rí ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì rí i pé ẹbí ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Ohun tí ó mú ti ìsinsìnyí yàtọ̀ sí abúlé Lambo ni pé ẹbí mú wọn wá, ó sì padà sílé. Ìkòkò ọbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlú ti fẹ̀, iṣẹ́ oṣù ti dé, ìyá tí ì bá jókòó tì wọ́n ń tajà ní Èkó. Owó tí ó fi ránṣẹ́ kò ní ojú tí yóò fi rí egbò.

Òfin tí Aṣòfin Ibrahim Oloriegbe, dókítà láti Ìpínlẹ̀ Kwara, gbé kalẹ̀, tí Buhari sì buwọ́ lù ní 2023, gbìyànjú láti fi ẹlẹ́rìí mìíràn sí àyè náà. Ó dá ẹ̀ka ìlera ọpọlọ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀. Ó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ ní ibi iṣẹ́ àti nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ó fún aláàárẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀ àti láti ní agbẹjọ́rò. Ó fi ààlà sí dídè àti ìdánìkan-ti-mọ́lé. Pàtàkì jù lọ fún ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó dá ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹni tí a gbà sílé ìwòsàn láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní ibi mìíràn láti lọ yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tì í mọ́lé. Ohun tí Ìlú Ọba ṣe ní 1959 nìyẹn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ kí ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde.

Ìgbìmọ̀ dára ju májísíréètì àti dókítà lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó ni ìgbìmọ̀ ń ṣe, kì í gbé ibẹ̀. Ó nílò ẹni tí yóò pè é, ẹni tí a kó oògùn orun fún tí a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ kò sì lè pe ẹnikẹ́ni láìsí ẹni tí yóò bá a jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Òfin náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá ojoojúmọ́, "ìfọwọ́sí" lè jẹ́ ti aláàárẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti bàbá rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn ti gbà tí yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí ń ṣàlàyé fún ẹbí ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìtumọ̀ èdè ní àwọn yunifásítì wa ní iṣẹ́ gidi níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é kí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa tó bá wọn ṣe é.

Àwọn òfin mìíràn ṣì wà tí 2023 kò fọwọ́ kàn. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀ràn ti Gúúsù fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú. Èkó nìkan ti yí tirẹ̀ sí àṣẹ láti gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú ìwé òfin ìlú ti 1999, abala 34 sọ pé iyì ènìyàn kò gbọdọ̀ di títẹ̀mọ́lẹ̀. Abala tí ó tẹ̀ lé e, 35, fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira ara, lẹ́yìn náà ni ó to àwọn tí a lè gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé wà níbẹ̀ títí di òní, láàrin alárùn tí ń ràn àti ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ẹni tí ń rìn kiri láìnílé sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn.